Ẹ Fún Ọkọ̀ Níṣẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Irin: Rélùwéè Orí Tábìlì fún Ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Kò sí ọ̀nà rélùwéè kan ṣoṣo ní gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó l'Ékòó ní 1896, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni wọ́n dojú kọ. Ní oṣù kẹta 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, irin gba Òṣogbo àti Ọ̀ffà kọjá sí Ìlọrin, ó sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, ó sì forí lé ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀wọ̀ kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀, Ọ̀sẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Kòkó Ọ̀wọ̀, pákó Ìfọ́n àti iṣu Ìdóàní, ẹ̀yìn lọ́rì ni gbogbo wọn ń gbà dé ọjà. Títí di òní, ará Ọ̀wọ̀ tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí rélùwéè yóò la Ọ̀sẹ̀ kọjá bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí ọ̀nà irin Warri sí Itakpe ti gba Agenebode kọjá. Bí kò bá gba ibẹ̀, á jẹ́ pé Òṣogbo ni yóò forí lé.

Ṣùgbọ́n pé ọkọ̀ ojú irin kò sí nítòsí kò ní kí ènìyàn má fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó ń wò ó nínú fídíò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé kò tíì gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì tó ń wá ohun tí yóò fi la iná mànàmáná yé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìlò fún un. Gbogbo wọn ló lè ní rélùwéè tiwọn nínú yàrá, lórí pátákó tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Rélùwéè orí tábìlì ni mò ń sọ: ọkọ̀ kékeré tó ń fi iná rìn lórí irin kékeré, pẹ̀lú ibùdókọ̀, ilé ìtọ́jú ẹrù, igi àti ilẹ̀ tí a sọ di kékeré ní ìwọ̀n kan náà. Owó tó ń gbà lè mọ níwọ̀n, ó sì lè di gbèsè. Ohun tí a kọ́kọ́ pinnu ló máa ń sọ èyí tí yóò dà.

Ẹ má wo Hamburg

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ Märklin ti Jámánì gbé ọkọ̀ kékeré tó ní irin oníwọ̀n kan náà wá síbi ìpàtẹ ọjà Leipzig, kí ẹni tó ra díẹ̀ lónìí lè ra díẹ̀ sí i lọ́la, kí wọ́n sì wọra. Ní 1920, Frank Hornby ti Liverpool, ẹni tó ti fi Meccano lókìkí, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀. Èyí tó tóbi jù láyé báyìí wà ní Hamburg, Miniatur Wunderland lorúkọ rẹ̀. Àwọn ìbejì méjì, Frederik àti Gerrit Braun, ló ṣí i ní 2001. Irin inú rẹ̀ lé ní kìlómítà 15, ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000.

Fídíò Hamburg yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá wò ó tán á ní òun fẹ́ òkè, òun fẹ́ afárá, òun fẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin tó ń yí po láìdúró. Á fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra irin róbótó kan àti ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà á máa yí po lórí ilẹ̀, yóò sì sú u kí oṣù náà tó parí. Ìdí tó fi ń súni ni pé ọkọ̀ tó ń yí po kò lọ síbì kankan, kò gbé nǹkan kan, kò sì ní ìdí kankan láti dúró. Iṣẹ́ ni ọkọ̀ náà kò ní.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ nìyí: kí ẹ tó ra irin, ẹ kọ́kọ́ pinnu iṣẹ́ tí ọkọ̀ yín yóò máa ṣe. Iṣẹ́ tó bá ní ìtumọ̀ yóò jẹ́ kí irin kékeré tó yín. Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Irin mẹ́ta, oríta méjì

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Alan Wright ti ronú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ṣáájú wa. Ó ṣe rélùwéè kékeré kan tó pè ní Inglenook Sidings, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé sì ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ títí di òní. Irin mẹ́ta péré ló ní, tí oríta méjì pín wọn. Irin tó gùn jù gba wágọ́ọ̀nù márùn-ún. Méjì yòókù gba mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ìdí wọn, irin ìfàsẹ́yìn kan wà tó gba orí ọkọ̀ àti wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wágọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló wà lórí gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 8 sórí ìwé pélébé-pélébé, ọ̀kan fún wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú ife, ẹ sì fa márùn-ún yọ. Bí nọ́ńbà márùn-ún yẹn ṣe jáde ni ẹ gbọ́dọ̀ to wágọ́ọ̀nù yín tẹ̀ léra lórí irin gígùn, láìfi ọwọ́ gbé ọ̀kankan. Orí ọkọ̀ ni yóò máa fà á, tí yóò máa tì í, tí yóò máa já ọ̀kan sílẹ̀ síhìn-ín kó tó padà wá mú òmíràn lọ́hùn-ún. Irin ìfàsẹ́yìn tó kúrú yẹn ni kò jẹ́ kó rọrùn, torí ọkọ̀ kò lè fa ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí wágọ́ọ̀nù márùn-ún nínú mẹ́jọ lè gbà tò léra jẹ́ 6,720. Bí ẹ bá ń ṣe ọ̀kan lálaalẹ́, ọdún méjìdínlógún á ti lọ kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn wa rò ó pé wọ́n ya irin kan láti Agenebode wọ ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tó wá parí sí Ìfọ́n. Kí ni ọkọ̀ náà yóò máa kó? Ẹni tó mọ agbègbè yìí kò ní ronú pẹ́. Irin kúkúrú àkọ́kọ́ á wọ ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ́jú kòkó, wágọ́ọ̀nù onílé ni yóò máa dúró níbẹ̀ kí òjò má bàa pa kòkó. Irin kúkúrú kejì á lọ sí ọgbà ìlagi, wágọ́ọ̀nù pẹrẹsẹ tó ń kó pákó ni tibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ti ṣe tán láti lọ ni yóò máa tò sórí irin gígùn. Ẹ fi wágọ́ọ̀nù tánkì kan kún un fún epo bẹntiróòlù, àti wágọ́ọ̀nù kan tí kò ní òrùlé fún òkúta ẹfun, torí òkúta ẹfun wà nílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ìgbà náà ni nọ́ńbà inú ife yóò di ọjà gidi: kòkó méjì níwájú, pákó kan tẹ̀ lé e, òkúta, pákó. Ẹni tó bá wọlé tó bá yín nídìí rẹ̀ á bi yín pé kí lẹ̀ ń ṣe, ẹ ó sì ní èsì fún un.

Irin kan náà, rélùwéè méjì

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní wa wà. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù láyé, òun náà ló sì rọrùn jù láti rí ní tòkunbọ̀, fẹ̀ ní mílímítà 16.5 láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀nà irin Warri sí Itakpe, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Ẹ pín 1,435 sí ọ̀nà 87, ẹ ó rí 16.5. Èyí ni pé bí gbogbo ohun tó wà lórí pátákó yín bá jẹ́ ìdá kan nínú 87 ohun gidi, irin yín bá ti Agenebode mu gẹ́lẹ́.

Ọ̀nà irin àtijọ́ ńkọ́, èyí tó gba Abẹ́òkúta àti Òṣogbo? Òun tín-ín-rín díẹ̀: mílímítà 1,067 ni. Ẹ pín 1,067 sí ọ̀nà 64, ẹ ó tún rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16.5. Irin kan náà, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀. Àwọn ará New Zealand, tí irin tiwọn náà fẹ̀ ní 1,067, ti ń lo ọgbọ́n yìí ó pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibùdókọ̀ Òṣogbo ayé àtijọ́ lè fi 1:64 ṣe é, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ àti wágọ́ọ̀nù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kan gbogbo wọn. Fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tówó rẹ̀ kéré, 1:87 ni mo fọwọ́ sí. Ọjà tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀, ààyè tó ń gbà kò pọ̀, rélùwéè tó sì sún mọ́ Ọ̀wọ̀ jù ló ń ṣojú fún.

Irin tó kéré sí i wà, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 9. Ó ń gba ààyè díẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó ń gbé yàrá kan. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tín-ín-rín jù fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan wágọ́ọ̀nù, eruku kékeré sì ń dá a dúró. Owó tí ẹ bá fi ààyè pa mọ́, ẹ ó ná an padà sórí ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò gígùn. Ní 1:87, orí ọkọ̀ kékeré tó ń ti ẹrù kì í ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, wágọ́ọ̀nù tó gùn tó mítà 12 lójú ayé á sì di 14. Irin ìfàsẹ́yìn: 15 àti 14 lọ́nà mẹ́ta, ó di 57. Oríta méjì, 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 40. Wágọ́ọ̀nù márùn-ún lórí irin gígùn, ó di 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 167. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 183. Ó wọ̀ ọ́, ààyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù ní ìparí irin kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń pín owó

N kò ní dá iye náírà kan pàtó, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè yí padà kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín. Mo lè sọ bí mo ṣe ń pín in. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 30 sílẹ̀ fún orí ọkọ̀, 30 fún irin àti oríta méjì, 20 fún ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń so mọ́ra, 10 fún pátákó, 10 fún iná. Ilé, igi, ilẹ̀ àti ènìyàn kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ọ̀fẹ́ ni wọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ibi tí owó ń lọ ni ohun tó ń yí àti ohun tí wọ́n ń yí lé lórí. Ibẹ̀ kò ṣe é fi ọgbọ́n orí dí. Irin tó wọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yóò ju ọkọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọkọ̀ tó bá sì ń já lójú irin kò ní pẹ́ kí wọ́n tó gbé e sínú páálí.

Orí ọkọ̀ ni kí ẹ rà kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ rà á, torí òun ló dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní irin, oríta méjì àti wágọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ẹ ti lè máa fi ọwọ́ tì wọ́n, ẹ ti lè máa fa nọ́ńbà láti inú ife. Ẹ ó ti rí ibi tí ètò yín ti kù díẹ̀ káàtó kí owó ńlá tó jáde. Ẹ tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun: ẹ gé páálí sí ìwọ̀n wágọ́ọ̀nù, ẹ ya irin sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì máa sún páálí náà káàkiri. Bí kò bá dùn mọ́ yín lórí ìwé, kò ní dùn mọ́ yín lórí irin.

Ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan báyìí kò sí l'Ọ́wọ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun ni ọ̀nà tó rọrùn jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹ bá rán wọn yé wọn dáadáa. Bí aṣáájú yín lẹ́bí bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra tuntun fún mi. Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́, orí ọkọ̀ kékeré kan tó ń lo iná DC, irin rẹ̀ onímílímítà 16.5. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé e sórí irin kó rìn lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ra Märklin fún mi, iná tiwọn yàtọ̀.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ Märklin ti òṣùwọ̀n yìí ń gba iná AC láti àárín irin, kò lè rìn lórí irin ọlọ́wọ́ méjì tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń lò. Ọ̀pọ̀ ló ti rà á torí pé ó rẹwà, tó wá di ohun tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọ̀dọ̀ káfíńtà

Pílíwúùdù kan ṣoṣo tó. Bó ṣe ń wá lọ́jà ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ẹ ra onídajì ínǹṣì, ẹ ní kí káfíńtà là á sí mẹ́rin ní gígùn rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Á bi yín bóyá ibi tí ẹ ó máa to ìwé sí ni. Ẹ ṣàlàyé fún un, torí bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá yé e, yóò là á tọ́. Èkíní, tí ó bá ti gé e kù sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ni ojú pátákó. Ẹ gé èkejì àti ẹ̀kẹta sí tẹ́ẹ́rẹ́ onínǹṣì mẹ́ta fún férémù abẹ́ rẹ̀ kó má bàa tẹ̀. Ẹ̀kẹrin á dúró lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀run.

Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá kan lè ṣe pátákó náà ní méjì tí bóòtì àti nọ́ọ̀tì so pọ̀, kí ó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gé e ní àárín gan-an. Bí irin ìfàsẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti etí, oríta méjèèjì yóò ti parí ní 102, nítorí náà 105 ni kí ẹ ti gé e. Oríta tó bá bọ́ sójú ìsopọ̀ yóò máa fún yín ní wàhálà títí.

Ọ̀tá méjì ni pátákó ní ní ilẹ̀ wa: ọ̀rinrin àti ikán. Ẹ kun fáníìṣì sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, torí èyí tí wọ́n kùn lójú kan ṣoṣo yóò tẹ̀ bí òjò bá dé. Bó bá ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo mílíìkì tí ẹ bu òróró ẹ́ńjìnnì dúdú ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì sí. Ikán kò ní gun ún.

Iná kò tó ẹ̀rù

Iná tí orí ọkọ̀ yìí ń lò jẹ́ volt 12, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọ̀kadà. Ọwọ́ irin kan gba rere, èkejì gba òdì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbé iná náà wọ mọ́tò inú rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ rere àti òdì, ọkọ̀ á padà sẹ́yìn. Nítorí pé ètò wa kò ní irin róbótó, wáyà méjì péré láti ìdí irin ìfàsẹ́yìn tó láti mú gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Kò dìgbà tí wọ́n bá mú iná wá. Bátìrì kékeré tó wà nínú UPS àtijọ́, bó bá ṣì ń gba iná dúró, lè mú ọkọ̀ kékeré rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, sólà kékeré sì lè gba agbára padà fún un lọ́sàn-án. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ ẹ̀rọ pélébé tó ń mú mọ́tò sáré tàbí rìn jẹ́jẹ́. Ẹ ra ọ̀kan kí wọ́n bá yín jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Ẹ má gbàgbé fíúsì amp 1 létí bátìrì. Bátìrì kéré lójú, ṣùgbọ́n bí irin kan bá bọ́ lé ọwọ́ méjèèjì lórí, wáyà lè gbóná débi tí yóò jó ènìyàn. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ so ó fúnra rẹ̀.

Ohun tí Ọ̀wọ̀ ní tí Hamburg kò ní

Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ tín-ín-rín ṣàjèjì sí. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Lájà, ayé sì rí i pé àwọn baba wa mọ bí a ti ń ya ojú ènìyàn sára amọ̀. Àwọn agbẹ́-eyín-erin Ọ̀wọ̀ náà ní orúkọ dé ààfin Bìní. Àwọn ọmọ wa fúnra wọn ń fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò tí wọ́n ń fi okùn fà. Ọwọ́ tó mọ èyí kò ní láti ra ilé oníke láti Jámánì.

Ẹ wo ilé ìtọ́jú kòkó. Ènìyàn tó ga níwọ̀n mítà 1.75 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ní 1:87, nítorí náà ilẹ̀kùn ilé náà ga ní mílímítà 24. Páálí bisikíìtì ni ara ògiri. Fún òrùlé, ẹ mú páálí nípọn tí wọ́n fi ń kó núdùùsì, ẹ fi kànìnkànìn tó tutù díẹ̀ nu ojú rẹ̀ kan, ẹ dúró kí ó rọ̀, ẹ sì rọra bó awẹ́ òkè yẹn kúrò. Ìlà-ìlà tó wà lábẹ́ yóò yọ síta: páànù rèé. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kun ún ní àwọ̀ eérú, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ bu ọ̀dà pupa rúsúrúsú lé e lórí, kó nípọn ní etí ju àárín lọ, torí etí ni páànù ti ń dípẹtà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á bi yín pé ilé ta ni.

Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yín ni ilẹ̀ rélùwéè yín. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ yan án nínú ìkòkò àtijọ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ fi ajọ̀ kù ú dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ fà yọ lára sípíkà bíbàjẹ́ la inú rẹ̀ kọjá léraléra. Irin kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá yọ wọ́n, mọ́tò ọkọ̀ ni yóò fà wọ́n mọ́ra, wọ́n á sì bà á jẹ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi omi là lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú dà nù ní ibi ìlagi, bí ẹ bá pa á láró aláwọ̀ ewé, á di koríko. Wáyà bàbà tí ẹ lọ́ pọ̀ á di ẹ̀ka igi, fóòmù tí ẹ fà ya á di ewé rẹ̀. Igi kòkó kúrú, ó sì dì. Arère ga, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí igi yín jọ ti oko yín, kí ó má jọ ti inú fídíò.

Wágọ́ọ̀nù tí ẹ fi páálí àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn máa ń fúyẹ́, bó bá sì fúyẹ́ á máa já lójú irin. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn aṣe-rélùwéè kékeré ti Amẹ́ríkà ni pé kí wágọ́ọ̀nù òṣùwọ̀n yìí wúwo ní ounce kan, kí ẹ sì fi ìdajì ounce kún un fún ínǹṣì gígùn kọ̀ọ̀kan. Fún wágọ́ọ̀nù sẹ̀ǹtímítà 14, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 106. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ tí ẹ lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣe èyí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kí ó fi òṣùwọ̀n rẹ̀ bá yín wọ̀n ọ́n.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣe tán. Eruku ọyẹ́ lórí irin kì í jẹ́ kí iná dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi sípíríìtì ilé egbòogi díẹ̀ rin ló ń nù ún kúrò.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹnì kan lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni mo rò pé ó tọ́ sí jù. Ìṣirò ìdá wà nínú rẹ̀, iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, yíya àwòrán ilé, iṣẹ́ káfíńtà àti ìtàn kòkó náà wà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan l'Ọ́wọ̀, òmíràn ní Ìpele, òmíràn ní Ìfọ́n, òmíràn ní Ìdóàní, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pátákó tirẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí gíga kan náà àti ibi kan náà tí irin yóò ti jáde létí pátákó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á so wọ́n pọ̀, kòkó Ìdóàní á sì lè gba Ìfọ́n kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè bá wọn wo ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun gidi, Jaekel House wà ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ ibùdókọ̀ kankan láti wọn nǹkan, ẹ má sì rìn lórí irin tí ọkọ̀ ṣì ń gbà.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ra àga, wọ́n ń kun ilé, wọ́n ń ṣe géètì. A kò kórìíra géètì. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sára géètì lè ra irin àti orí ọkọ̀ kan, ìyókù sì wà lọ́wọ́ káfíńtà àti nínú páálí tí a ń dànù. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ẹ yí i dojú bolẹ̀, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín ya irin mẹ́ta àti oríta méjì sí i. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ náà tí ẹ kò sì tíì fẹ́ dìde nídìí rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó.